Àríyá, Ọtí àti Oògùn Olóró láàrin Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Òyìnbó: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí ó máa ń ti àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù gbígbá jẹun sínú ọtí àmupara àti oògùn olóró nígbà tí wọn kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. A yẹ ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù mélòó kan wò, a sì fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ẹni tí a kàn fi ìyà jẹ àti ẹni tí a tọ́jú. Èrò wa ni pé olùkọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí kò lè gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kó sínú ìṣòro là.

1.0 Ìfáàrà
Ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, agbára káká ni ènìyàn fi lè dé ìlú kan tí kò ní bá ilé ìwòran bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Nígbà tí Nwankwo Kanu darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Arsenal ní 1999, tí John Obi Mikel sì wọ Chelsea ní 2006, ṣe ni ìfẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì yìí túbọ̀ gbilẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa. Àwọn ọmọ ilé ìwé mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù, wọ́n mọ irú mọ́tò tí ó ń wọ̀, wọ́n sì mọ irú àríyá tí ó ń lọ. Nítorí èyí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò dìde ní kíláàsì, tí yóò ní: ‘Olùkọ́, ṣebí Maradona lo kokéènì, kí ló dé tí kò fi sí ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó o nígbà ayé rẹ̀?’ Ìbéèrè gidi ni ìbéèrè yìí. Bí olùkọ́ bá fi ìbínú pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́, yóò gba ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

2.0 Oríṣi mẹ́ta tí kò yẹ kí a dà pọ̀
Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ ní mímọ̀ ni pé oríṣi nǹkan mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń pa pọ̀ sọ. Èkíní ni ọtí, tí òfin kò kà léèwọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù rárá. Èkejì ni oògùn fàájì, ìyẹn kokéènì, igbó àti irú wọn, tí ènìyàn ń lò kí ara rẹ̀ lè yá gágá níbi àríyá. Ẹ̀kẹta ni oògùn amúnilágbára, tí eléré ìdárayá ń lò láti fi rẹ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ lórí pápá. 

Ọ̀rọ̀ Diego Maradona fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ní oṣù kẹta 1991, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Napoli gbá pẹ̀lú Bari ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n rí kokéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró fún oṣù 15. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 1994, nígbà ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, Ajẹntínà na Nàìjíríà ní àmì ayò 2 sí 1. Ìtọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ni wọ́n rí ephedrine nínú rẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò nínú ìdíje náà. Oògùn fàájì ni ti àkọ́kọ́. Oògùn tí ń ta ara jí ni ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ìdí tí ènìyàn fi ń lo ọ̀kan yàtọ̀ sí ìdí tí ó fi ń lo èkejì, nítorí náà kò yẹ kí ìwòsàn wọn jọra.

3.0 Ohun tí ó ń tì wọ́n sí i
Àkọ́kọ́ ni owó òjijì. Ọmọ ogún ọdún tí ó ń gba nínú ọ̀sẹ̀ kan iye tí àwọn òbí rẹ̀ kò rí gbà nínú ọdún kan kò ní àgbà tí yóò bá a wí mọ́, nítorí òun gan-an ló ń bọ́ àwọn àgbà. Èkejì ni àkókò tí ó ṣófo. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ìgbáradì máa ń parí ní ọ̀sán, agbábọ́ọ̀lù a sì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti lò bí ó bá ṣe wù ú. Ẹ̀kẹta ni ìpalára: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́fà, ti pàdánù iṣẹ́, ẹgbẹ́ àti ariwo ayọ̀ tí ó ti mọ́ ọn lára.

Ẹ̀kẹrin ni àṣà ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ní Arsenal, kí Arsène Wenger tó dé ní 1996, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan máa ń kóra jọ ní ọjọ́ ìṣẹ́gun láti mutí, nítorí pé ọjọ́rú ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí àìsàn. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n pè é. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ ni ọtí di bárakú fún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti di bárakú fún rí ibi sá pamọ́ sí láàrin wọn.

4.0 Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara
Kokéènì máa ń mú kí èròjà kan tí a ń pè ní dopamine pọ̀ lápọ̀jù nínú ọpọlọ. Èròjà yìí wà lára ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn mọ adùn nǹkan. Inú oníkokéènì a dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá ti tán lójú rẹ̀, ìbànújẹ́ a dé, a sì tún wá òmíràn. Bí ó bá ń bá a lọ báyìí, ọpọlọ kò ní mọ adùn ohun kékeré mọ́. Oògùn náà tún máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń mú ọkàn sáré, èyí tí ó lè pa ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Bí a bá lo ó pẹ̀lú ọtí, ẹ̀dọ̀ a pa méjèèjì pọ̀ di èròjà mìíràn, cocaethylene, tí ó máa ń pẹ́ nínú ara, tí ó sì burú fún ọkàn ju kokéènì nìkan lọ.

Ọtí nìkan náà kì í ṣe ohun kékeré. Ó ń fa omi kúrò lára, ó ń ba oorun jẹ́, ó sì ń fà á sẹ́yìn kí iṣan tí ó ti rẹ̀ tó san. George Best, tí a kéde ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù ní 1968, gba ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní 2002, síbẹ̀ kò lè jáwọ́ nínú ọtí. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá 2005, ní ẹni ọdún 59. Ọjọ́ yẹn gan-an nínú oṣù ni Maradona náà kú ní 2020, ní ẹni 60 ọdún.

5.0 Ìyà tàbí ìtọ́jú?
Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ènìyàn mẹ́ta wé ara wọn. Adrian Mutu, ọmọ Ròmáníà, ni a rí kokéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2004. Chelsea fòpin sí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dá a dúró fún oṣù méje pẹ̀lú owó ìtanràn 20,000 pọ́ùn. Ẹjọ́ tí ó tẹ̀ lé e kò tán bọ̀rọ̀. Ní 2009, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí ó san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 17 yúrò fún Chelsea. Ó gbé e dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù, kò sì jàre níbẹ̀ ní 2018.

Paul Merson ní tirẹ̀ jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1994 pé ọtí, kokéènì àti tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún òun. Wọ́n mú un lọ fún ìtọ́jú, ó sì padà sórí pápá ní oṣù kejì 1995. Ní 1998, ó wà lára àwọn tí ó ṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ẹnì kẹta ni Jake Livermore ti Hull City, tí wọ́n rí kokéènì lára rẹ̀ ní 2015. Nígbà tí àjọ náà gbọ́ pé ìbànújẹ́ ikú ọmọ jòjòló rẹ̀ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, wọn kò dá a dúró. Ní 2017, ó tún wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀.

A kò sọ pé kí a má fi ìyà jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ìyà nìkan kò wo bárakú sàn. Tony Adams, ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal, ṣẹ̀wọ̀n ní òpin 1990 nítorí pé ó mutí wa ọkọ̀. Ó jáde, ó sì tún padà sídìí ọtí. Ọdún 1996 tí ó jẹ́wọ́ ní gbangba, tí ó sì gba ìrànlọ́wọ́, ni ìyípadà dé. Ní 2000, ó dá ilé ìtọ́jú Sporting Chance sílẹ̀ fún àwọn eléré ìdárayá tí irú rẹ̀ bá ń bá jà.

Òfin àgbáyé pàápàá ti ń tọ ọ̀nà yìí. Láti 2021, bí eléré ìdárayá bá lè fi hàn pé òun lo kokéènì, igbó, heroin tàbí ecstasy lẹ́yìn òde ìdíje, àti pé kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú eré rẹ̀, oṣù mẹ́ta ni ìdádúró rẹ̀. Bí ó bá gba ìtọ́jú parí, wọ́n lè dín in kù sí oṣù kan.

6.0 Ohun tí ó kan olùkọ́
Ní Nàìjíríà, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni oògùn olóró, àjọ NDLEA sì ti wà láti ọdún 1989 láti gbógun tì í. Ní oṣù karùn-ún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi oògùn ikọ́ tí ó ní codeine wọlé, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di ohun ìgbafẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òkèèrè nìkan. A dá ohun mẹ́ta lábàá fún olùkọ́ tí ń kọ́ṣẹ́.

(i) Kí ó sọ òtítọ́. Bí olùkọ́ bá ní ẹni tí ó bá tọ́ igbó wò yóò ya wèrè lọ́jọ́ kan náà, tí ọmọ sì mọ ẹni tí kò ya wèrè, kò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́.
(ii) Kí ó wo àkókò tí ó ṣófo. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá ilé ìwé tí kò ní àgbà tí ń bójú tó o lẹ́yìn eré kò parí iṣẹ́ rẹ̀.
(iii) Kí ó jẹ́ ẹni tí ọmọ lè jẹ́wọ́ fún. Merson rí ẹni sọ fún kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ tán. Ọmọ tí ó mọ̀ pé ẹgba àti lílé kúrò ní ilé ìwé nìkan ni yóò tẹ̀ lé ìjẹ́wọ́ òun yóò pa ẹnu mọ́.

7.0 Àgbálọgbábọ̀
Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè ọmọ tí ó dìde ní kíláàsì. Ìdáhùn tí a lè fún un nìyí: òtítọ́ ni pé Maradona mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe kokéènì ni ó kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ bọ́ọ̀lù kí ó tó mọ oògùn. Ohun tí oògùn ṣe ni pé ó gba oṣù 15 lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ẹni 30 ọdún, ó sì ba ìlera rẹ̀ jẹ́. Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Wọ́n tún ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ilé àti ilé ìwé bá fi ẹ̀ṣọ́ yìí fún ọmọ, tí ó sì mọ̀ pé bí òun bá ṣubú, ẹni tí yóò fà òun dìde wà, ìrètí ń bẹ pé owó àti òkìkí kò ní sọ ọ́ nù.