Ohun tó yẹ kí arìnrìnàjò mọ̀ kó tó gbéra lọ sí Àríwá Kòríà

Àlejò kì í dá rìn ní Àríwá Kòríà. Amọ̀nà tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń mú un kiri. Kò lè dá jáde ní òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á ní kó tẹríba níwájú ère Kim Il Sung àti ọmọ rẹ̀, Kim Jong Il. Kò gbọdọ̀ ya fọ́tò ṣọ́jà.

Ohun tí kò tó nǹkan níbòmíì lè di ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Lọ́dún 2016, wọ́n ju Otto Warmbier, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, sẹ́wọ̀n ọdún 15, wọ́n ní ó fẹ́ jí àkọlé ìpolongo ìjọba ní òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé ní oṣù kẹfà ọdún 2017, kò mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú.