Ọjọ́ ìbí ọmọdé: kí ni ká bù fún wọn mu?

Ní Bantè àti Savalou, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ọ̀pọ̀ òbí ń rà fún ọjọ́ ìbí ọmọ wọn. Ìgò sẹ̀ntílítà 33 kan sábà máa ń ní ṣúgà tó tó ṣíbí kékeré 7. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún ọdún, èso kajú ń jẹrà lábẹ́ igi lágbègbè náà, nítorí kóró rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣà tà. Fítámì C inú èso náà sì pọ̀ ju ti ọsàn lọ.

Ìbẹ̀rù kan tún wà: wọ́n ní ọmọ tó bá mu oje kajú lẹ́yìn wàrà yóò kú. Májèlé kò sí nínú ìdàpọ̀ méjèèjì. Epo inú èèpo kóró ló ń bó ẹnu. Nítorí náà, kóró ni à á kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, a ó fọ èso, a ó fún un, a ó da omi ìrẹsì sísè sí i kí ohun tó ń ha ọ̀fun lè silẹ̀. A ó sẹ́ ẹ, a ó rọ ọ́ sínú ìgò, a ó dé e, a ó sì sè é nínú omi. Oje tí a kò sè, tó sì sùn, á di ọtí. Kò yẹ ọmọdé.

Ife kékeré kan tó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Omi mímọ́ ni kó tẹ̀lé e. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.