Ohun Tí Ìyẹ́ Adìẹ Bò Mọ́lẹ̀

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ kó òròmọdìẹ wọ ẹ̀yìnkùlé wa ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ni mo tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó. Adìẹ kì í làágùn bí ènìyàn. Bí oòrùn Oṣù Kẹta bá mú un, ẹnu ni yóò là sílẹ̀, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, yóò sì gbé apá kúrò lára kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó kàn ń na apá ni. Ìdí nìyí tí adìẹ òpìpí, tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, àti èyí tí ọrùn rẹ̀ wà ní ìhòòhò, fi ń fara da ooru ju adìẹ ágíríìkì tí ìyẹ́ bò dáadáa lọ. Àwa là ń wò wọ́n bí ẹni tí Ọlọ́run ò fún láṣọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ooru ló kọ́kọ́ pa tèmi. Òtútù ni. Òròmọdìẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo gbé wálé nínú páálí oníhò, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́. Mo kó wọn sínú àpótí, mo bu oúnjẹ, mo bu omi, mo so gílóòbù kan sókè wọn, mo lọ sùn. Iná lọ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mọ́kànlá ti kú ní igun kan, wọ́n gorí ara wọn bí aṣọ tí a ká jọ. Ó dùn mí títí dòní, nítorí mo gbọ́ igbe wọn láti yàrá, mo sì rò pé ebi ni.

Òròmọdìẹ kò tíì ní ìyẹ́ gidi, ohun tó dà bí òwú ló wọ̀. Kò lè mú ara rẹ̀ gbóná. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru ibi tó wà gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n 33 sí 35 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí a tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ tó sàba fún ọjọ́ 21 kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, yóò kó ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá ni. Ọmọ inú páálí kò mọ ìyá. Ẹ̀rọ ló pa ẹyin rẹ̀ mọ́ títí ó fi yọ. Èédú tó ti jó dáadáa, tí kò rú èéfín mọ́, nínú ìkòkò amọ̀, ni ó yẹ kí n ti tọ́jú de ìgbà tí iná bá lọ. Bí àwọn òròmọdìẹ bá dì mọ́ra wọn, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá mọ́ ògiri tí wọ́n la ẹnu, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn ká bí àgbàdo tí a sá sóòrùn, ẹ lọ sùn.

Àrùn tó burú jù ni lúkúlúkú, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Newcastle, torí ìlú náà ni wọ́n ti dá a mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1926. Ìbàdàn wa yìí àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín Oṣù Kejìlá 1952 sí Oṣù Kejì 1953. Ẹ wo àkókò náà: ọyẹ́ àti ọdún Kérésì, nígbà tí adìẹ ń ti abúlé dé ọjà, tó ń ti ọjà dé ilé. Àṣìṣe àwa tuntun ni pé a ó ra àkùkọ ọdún ní ọjà Bódìjà, a ó sì so ó mọ́ àárín àwọn tiwa. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kó dá gbé. Bí ọrùn bá ti lọ́, tí ìgbẹ́ di omi aláwọ̀ ewé, ó ti pẹ́ jù.

Àjẹsára ni ààbò, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa là ń fọwọ́ ara wa bà á jẹ́. Lasota, àjẹsára lúkúlúkú tí a ń pò mọ́ omi, kòkòrò àrùn tó wà láàyè ni, irú èyí tí kò lágbára. Omi ẹ̀rọ tí a fi kílórínì sí yóò pa á kó tó dé ọ̀fun adìẹ. Omi kànga tí a ò da oògùn sí ló yẹ. Láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé, inú yìnyín ni kó wà. Lówùúrọ̀, ẹ mú omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan tàbí méjì kí òùngbẹ gbẹ wọ́n, kí wọ́n sì mu omi àjẹsára náà tán láàárín wákàtí méjì. Bí adìẹ kan bá sín, ẹ má sáré da ìyẹ̀fun oògùn apakòkòrò sómi. Kò ràn lúkúlúkú, ẹyin tí ọmọ yín máa jẹ ló ń wọ̀. Ẹ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, òdìkejì títì sí Àgbowó.

Ẹni tó ń gbé ilé oníyàrá púpọ̀ ní Àgbowó tún ní ti aládùúgbò láti rò. Òórùn tó ń fa ìjà kì í ti ara adìẹ wá, ìgbẹ́ tó bá omi pàdé ni. Ẹ lọ sí ọjà pákó Bódìjà, ẹ gba èyí tí wọ́n fá kúrò lára igi, ẹ tẹ́ ẹ nípọn, kí ẹ sì kó èyí tó bá tutù kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tó ṣòro jù ni pé adìẹ a máa fi àìsàn pamọ́. Èyí tó bá jẹ́ kó hàn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣá a lẹ́nu, àwòdì náà yóò sì yàn án láàyò. Ìyẹ́ a máa bo rírù rẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti wọlé tán, mo máa ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń fọwọ́ kan egungun àyà wọn bóyá ó ti yọ ṣóńṣó. Mo ń fọwọ́ kan àpò kékeré abẹ́ ọrùn wọn bóyá ó kún. Lánàá, ti àgbébọ̀ pupa kan ṣófo, bẹ́ẹ̀ ó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, ó ń tanlẹ̀ bí ẹni ń jẹun.