Títì Tí A Kò Là fún Ọlọ́kadà

Ẹ bi ẹnjiníà tó ya àwòrán títì kan ní Òṣogbo léèrè irú ọkọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń yà á. Ó ṣeé ṣe kó dárúkọ ayọ́kẹ́lẹ́, bọ́ọ̀sì àti tírélà. Alùpùpù lè má wọ inú ìdáhùn rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti Oláìyá títí dé Òkè-Fíà, àti láti Brewery títí dé Ọjà Atakúnmọ́sà ní Iléṣà, alùpùpù ló ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, òun ló ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ló ń gbé àpò gààrí pẹ̀lú ẹni tó ni ín délé.

Àríyànjiyàn wa lórí ọ̀kadà kì í sábà kọjá ọ̀rọ̀ méjì: akoto àti òfin ìdènà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto jákèjádò Nàìjíríà. Àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ìkòkò, ayé sì fi wá rẹ́rìn-ín. Akoto tòótọ́ wúlò púpọ̀ o. Ìwádìí tí a kó jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé ó ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Ní ti ìdènà, Èkó fòfin de ọ̀kadà ní títì 475 lọ́dún 2012, ó sì tún fi kún un ní 2020 àti 2022. Ṣùgbọ́n Òṣogbo kì í ṣe Èkó. Bí a bá lé ọ̀kadà kúrò ní Iléṣà lọ́la, kí ni yóò gbé àgbẹ̀ wá láti Ìbòkun? Ọ̀rọ̀ kẹta tí a kì í sọ ni títì fúnra rẹ̀.

Ẹsẹ̀ méjì péré ni alùpùpù ní. Ohun tí mọ́tò yóò gùn kọjá, tí èrò inú rẹ̀ kàn máa mì díẹ̀, lè gbé ọlọ́kadà ṣánlẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ní Iléṣà, ìlú olókè. Àgbàrá a wọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ láti àdúgbò tí kò ní ọ̀dà wá sórí títì ńlá, ní ẹnu ìyànà gan-an, níbi tí ọlọ́kadà ti ń tẹ̀ kó lè yà. Táyà rẹ̀ a sì yọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a da ọ̀dà tàbí kóńkéré wọ inú ìyànà náà ní mítà mélòó kan, kí a sì la gọ́tà tí yóò gba àgbàrá kó tó dé títì. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó afárá olókè kan ṣoṣo.

Etí ọ̀dà ńkọ́? Lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, lẹ́yìn Ìwàràjà lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tírélà àti ọlọ́kadà ló jọ ń lo títì kan náà. Bí tírélà bá fun fèrè lẹ́yìn, etí ọ̀nà ni ọlọ́kadà yóò sá sí. Níbi tí etí ọ̀dà bá ti ga ju ilẹ̀ lọ, sísá náà di ewu, pípadà gòkè sì burú jù ú lọ. Bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn mọ, tí ẹnikẹ́ni kò kùn, wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Lóru, iná alùpùpù kì í fi í hàn títí yóò fi pẹ́ jù. Àní ọ̀dà funfun tí a fi ya ìlà sójú títì pàápàá a máa yọ̀ lẹ́yìn òjò bí a kò bá po yanrìn mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa wọ́n-wéè, nítorí mi ò gbà pé ìwà ìpáǹle lásán ni. Bí a bá fi kóńkéré dí àárín títì olójú méjì, tí ibi tí a ti lè yí padà sì jìnnà, ọlọ́kadà tí èrò rẹ̀ ń lọ sí òdìkejì yóò ṣe ìṣirò epo àti àkókò, yóò sì kọjú sí mọ́tò. Ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán títì náà kò mọ́ pátápátá. Bákan náà ni ti oríta. Afárá olókè tí a kọ́ ní Oláìyá nígbà ìjọba Gómìnà Gboyega Oyètọ́lá wà fún ọkọ̀ tó ń kọjá lọ. Ọlọ́kadà kì í kọjá lọ ní tirẹ̀. Oríta ni ọjà rẹ̀, ibẹ̀ ni èrò ti ń sọ̀ tó sì ti ń gùn. Bí a kò bá ya ibi ìdúró sọ́tọ̀ fún un nínú àwòrán, àárín títì ni yóò fi ṣe ibùdó.

Àwọn ẹlòmíràn ti rò ó dáadáa. Láti àwọn ọdún 1970 ni Malaysia ti la ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Federal Highway wọn, jàǹbá alùpùpù sì dín kù níbẹ̀ ní ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta. Ní Ouagadougou, nítòsí wa níhìn-ín, àwọn títì ńlá kan ní ojú ọ̀nà tiwọn fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù. Taiwan kun àpótí sí iwájú iná ojú pópó, kí alùpùpù lè dúró níwájú mọ́tò dípò kó há sáàárín wọn. Sípéènì fi irin kejì sí abẹ́ irin etí kọ́ńà, kí ẹni tó bá ṣubú má baà yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ kọlu òpó. Ìlànà kan tilẹ̀ wà tí a ń pè ní iRAP, tó ń fún títì ní ìràwọ̀ láti orí 1 dé 5, ti alùpùpù sì dá dúró lọ́tọ̀. Títì kan lè gba ìràwọ̀ 4 fún ayọ́kẹ́lẹ́, kó gba 2 fún ọlọ́kadà.

Kì í ṣe pé irú èrò yìí ṣàjèjì sí wa. Yunifásítì Ifẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà nígbà tó gbé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kalẹ̀, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ọ̀yọ́. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tiwọn sílẹ̀ ní 1988. Ìwà awakọ̀ ni wọ́n gbájú mọ́ nígbà náà. Àwòrán títì ló kù, ibẹ̀ sì ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti lè wọlé. Kí agbaṣẹ́ṣe tó kó katapílà dé àdúgbò yín, ẹ béèrè láti rí àwòrán náà, kí ẹ sì mú ọlọ́kadà méjì tàbí mẹ́ta dání lọ síbẹ̀. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Wọ́n á fi ọwọ́ tọ́ka sí kọ́ńà tí yanrìn máa ń bò àti gọ́tà tí kò ní ìdérí, kí ẹnjiníà tó ká àwòrán rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.