Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Bí A Ṣe Ń Yan Awò Ọdẹ

Lónìí, ọ̀rọ̀ awò awọ̀nàjíjìn la fẹ́ sọ, binoculars tí àwọn ọdẹ máa ń gbé kọ́rùn. Kí ẹ tó ní, "Èmi kì í ṣe ọdẹ, kí ló kàn mí?", ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kan èmi náà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣọdẹ lágbègbè Ṣakí. Wọ́n ní kí n bá àwọn ra awò wá láti Èkó. Mo wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ 60x60 sí lára, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Lójú tèmi, bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni awò ṣe máa dáa tó. Mo rà á, mo fi ránṣẹ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi pè mí. "Ìwọ ọmọ yìí, òkùnkùn lo rà fún mi!" Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nǹkan kan ń mi igbó létí oko. Wọ́n gbé awò sójú, ó ń gbọ̀n, ó sì ṣú dùdù. Wọn ò yìnbọn, wọ́n dúró. Ìyá kan tó ń ṣẹ́gi ìdáná ló jáde níbẹ̀.

Ara mi bù máṣọ. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà ara awò.

Ẹ jẹ́ ká mú 8x42. 8 ni iye ìgbà tó ń fa nǹkan súnmọ́ wa: ẹtu tó wà ní mítà 80 á dà bí ẹni pé mítà 10 ló wà. 42 ni fífẹ̀ dígí iwájú ní milimítà. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.

Ẹ wá fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ pín èkejì. 42 tí a fi 8 pín jẹ́ milimítà 5.25. Ìyẹn ni fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde wá bá ojú yín. Nírọ̀lẹ́, ọmọlójú wa máa ń ṣí gbòòrò, ó lè tó milimítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti 60x60 ńkọ́? Bí nọ́ńbà yẹn bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, milimítà 1 péré ni. Abájọ tó fi ṣú!

Ẹ rántí fóònù yín. Bí ẹ bá fa àwòrán súnmọ́ jù, ṣé kì í gbọ̀n? Bẹ́ẹ̀ náà ni awò. Bó bá ti ju 10 lọ, ọwọ́ lásán kì í sábà lè gbé e dúró, àfi kó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Nínú igbó kìjikìji, 8x42 ló dáa jù, torí ó ń fi ibi tó fẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀dàn bíi ti Òkè-Ògùn, 10x42 náà dáa, ṣùgbọ́n 8 mọ́lẹ̀ jù ú lọ nírọ̀lẹ́.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ na awò jìnnà sójú, kí ẹ kọ ọ́ sí ibi tó mọ́lẹ̀. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ róbótó méjì. Bí etí wọn bá ṣú tàbí tó ní igun, dígí inú rẹ̀ kò dáa tó. Ẹ wá èyí tí omi ò lè wọ̀, tí wọ́n rọ gáàsì nitrogen sí nínú, kí kùrukùru má baà bo dígí rẹ̀ láti inú.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má ṣe fi awò orí ìbọn wá ẹran, torí ibi tó bá kọjú sí ni ẹnu ìbọn ń wò. Awò ọrùn la fi ń mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ọwọ́ tó kan ìbọn. Bí kò bá sì tíì dá yín lójú, ẹ dúró.

8x42 ni bàbá ń lò báyìí. Ẹ̀yin ọdẹ tó ń gbọ́ wa, àrìnpa o! Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.