Ṣé O Mọ̀? Èdè Àjèjì Ti Gbé Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Dépò Ńlá

Ṣé o mọ̀ pé Yunifásítì Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí àdúgbò wa ní Òkè-Ogbo, ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gba oyè ọ̀mọ̀wé? Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ kà ní Cambridge. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó lọ gbé ní Òkukù, ó jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ki oríkì, títí Yorùbá fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló di olùkọ́ ní Ifẹ̀, ó ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá. Ẹ dákun, ẹ rò ó wò! Ìwé rẹ̀ lórí oríkì jáde ní 1991, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè Dame dá a lọ́lá ní 2021.

Ṣé o mọ̀ pé William Bascom ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú? Ní 1937 ló ti Amẹ́ríkà wá sí Ifẹ̀. Ìwé ńlá tó kọ lórí Ifá jáde ní 1969.

Àjàyí Crowther ńkọ́? Yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ èdè Temne ní Freetown, ó sì kọ ìwé ABD fún àwọn Ìgbò ní 1857. Ní 1864 ló di bíṣọ́ọ̀bù.

Ó yẹ kí àwa náà kọ́ èdè àwọn àjèjì. Ṣé o mọ̀ pé lẹ́yìn tí Málì, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú ECOWAS ní 2025, orílẹ̀-èdè 12 ló kù, tí márùn-ún ń lo Gẹ̀ẹ́sì, tí márùn-ún ń lo Faransé, tí méjì ń lo Potogí? Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ níbẹ̀, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ìdajì ọ̀nà ló ti tì mọ́ ara rẹ̀. Àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń sọ Yorùbá nílé, Faransé ni wọ́n ń kọ ní ọ́fíìsì.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní Jámánì kì í gba owó ẹ̀kọ́, kódà lọ́wọ́ àjèjì. Ṣùgbọ́n èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀.

Faransé, Jámánì àti Potogí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń kọ́ ní OAU, Yunifásítì Ifẹ̀ yẹn náà. Abúlé Faransé sì ti wà ní Àgbádárìgì láti 1991, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé inú èdè náà.

Ẹ̀yin òbí Òkè-Ogbo, bí ọmọ yín bá mú Faransé ní ìdánwò WAEC, ẹ má bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ ra ìwé rẹ̀ fún un.