Òkè Amman àti orúnkún arúgbó

Láti orí òkè Jabal al-Weibdeh, àárín ìlú Amman hàn kedere nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn sì ni ọ̀nà tó yá jù débẹ̀. Orí òkè ni wọ́n tẹ olú-ìlú Jọ́dánì yìí dó. Nígbà tí àwọn ará Palẹstínì sá wọ ibẹ̀ ní 1948 àti 1967, ilé gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àtẹ̀gùn sì tẹ̀ lé ilé. Àwọn ọmọdé tó ń sáré lórí rẹ̀ nígbà náà ti di arúgbó.

Òwúrọ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Amman, sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ti tẹ òkúta funfun àtẹ̀gùn náà títí ó fi ń dán. Bí òjò ìgbà òtútù bá rọ̀ sí i, yíyọ̀ ló kù. Ìpele kan ga, èkejì kò tó nǹkan. Irin ìdìmú wà lápá òkè, ṣùgbọ́n ibi tó dagun jù gan-an ló pin sí. Ibẹ̀ ni màmá kan dúró sí, àpò ewébẹ̀ lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì lára ògiri ilé onílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi túmọ̀ ohun tó sọ: "Hájà, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e." Ó gba àpò, ó na apá fún un, màmá sì ń ṣàdúrà fún un bí wọ́n ti ń gòkè.

Inú mi dùn sí ọmọ yẹn. Síbẹ̀, irú ìwà rere bẹ́ẹ̀ ló ń bo àléébù ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ẹni tó gbọ́dọ̀ retí ọmọ ọlọ́mọ kó tó lè ra ewébẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ojú yóò tì í, tí yóò ní òun ò lọ mọ́. Àwọn ènìyàn á ní ọjọ́ orí ló dé. Àtẹ̀gùn ló sé e mọ́lé.

Títì kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onílé kọ̀ọ̀kan ló tẹ́ iwájú ilé tirẹ̀, nítorí náà ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ń ga, ó ń lọ sílẹ̀, igi ólífì sì dúró sáàárín rẹ̀. Bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn kúkú bọ́ sójú ọ̀nà ọkọ̀.

Amman wà lára ìlú 33 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà, kí wọ́n tó gbé ìwé ìtọ́sọ́nà wọn jáde ní 2007 lórí ìlú tó rọ arúgbó lọ́rùn. Ohun tí àwọn àgbàlagbà náà béèrè kò le: ọ̀nà tó tẹ́jú, ibi ìjókòó, ilé ìtọ̀ tó mọ́. Òfin nọ́ńbà 20 ti ọdún 2017 náà fún àwọn aláàbọ̀ ara Jọ́dánì ní ẹ̀tọ́ sí ilé tó ṣeé wọ̀.

Nínú mọ́sáláṣí kan nísàlẹ̀, àga wà létí ìlà ìrun fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò gbà kó foríkanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀bẹ̀ kó tó jókòó. Ohun tí mo fẹ́ fún òde Amman gan-an nìyẹn.

Ní gbàgede Hashemite, iwájú tíátà àwọn ará Róòmù tó gba nǹkan bí 6,000 ènìyàn, ilẹ̀ tẹ́jú, àwọn arúgbó sì jókòó. Mo bi bàbá kan bó ṣe ń padà sókè. Ó ní ọmọ òun ló ń fi ọkọ̀ gbé òun. Ọjọ́ tí ọmọ bá níṣẹ́, òun kì í jáde.